Francis Bebey, Ata-gìtá Ọmọ Ìlú Douala

Bí a bá dárúkọ Bonanjo ní ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tí ó mọ ìtàn. Orí ilẹ̀ gíga létí odò Wouri ni Bonanjo wà, ilẹ̀ ìdílé ọba Bell sì ni. Nígbà tí ìjọba Jámánì fẹ́ lé àwọn onílẹ̀ kúrò kí àwọn aláwọ̀ funfun nìkan lè máa gbé ibẹ̀, Rudolf Duala Manga Bell, ọba tí ó ti kàwé ní Jámánì fúnra rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n yẹgi fún un ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Akwa ni àdúgbò tí ó bá Bonanjo pààlà. Ibẹ̀ ni a bí Francis Bebey sí ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1929, nígbà tí àwọn Faransé ti gba ipò àwọn Jámánì. Èdè àti orin ni ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀.

Kì í ṣe pé èdè Duala kò ní àkọsílẹ̀. Alfred Saker, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti parí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè náà ní ọdún 1872, ọdún méjìlá ṣáájú ìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Síbẹ̀, Faransé nìkan ni ìjọba fọwọ́ sí fún ilé ẹ̀kọ́. Nínú ilé pàápàá, pásítọ̀ ni bàbá Bebey. Orin ìyìn àti iṣẹ́ Bach òun Handel ni ọmọ náà ń gbọ́. Aládùúgbò wọn kan wà tí ó máa ń ta ọrun olókùn kan, tí ó ń fi ẹnu gbé ohùn rẹ̀ jáde. Nǹkan abọ̀rìṣà ni àwọn òbí ka irú orin bẹ́ẹ̀ sí, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ọn. Òru ni ọmọ náà máa ń yọ́ jáde lọ gbọ́ ọ.

Ó lọ kàwé ní Paris, lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ rédíò ní New York. Ní ilẹ̀ Faransé ni ó ti pàdé ọmọ Douala mìíràn, Manu Dibango, tí ó fi ọdún mẹ́rin kéré sí i. Bebey ni ó la ojú Dibango sí orin jáàsì, pàápàá iṣẹ́ Duke Ellington. Wọ́n kó ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta jọ, Bebey ń ta gìtá. Gbogbo ayé mọ Dibango nítorí Soul Makossa ti ọdún 1972. Àwọn tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ sọ́nà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Bebey gbọ́ gìtá Andrés Segovia, ará Sípéènì, ó pinnu láti kọ́ irú gìtá náà. Ohun tí ó fi ṣe ni ó yà á sọ́tọ̀. Kò tẹ̀lé Segovia títí dópin. Ó ń fi ọwọ́ lu ara gìtá bí ìlù, ó sì ń mú kí okùn rẹ̀ dún bí ohun èlò ilé baba rẹ̀. Inú àwa Yorùbá yóò dùn láti mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn orin gìtá tí ó gbé jáde ní ọdún 1965 ń jẹ́ Orin Ìbàdàn, bí a bá túmọ̀ àkọlé rẹ̀.

Iṣẹ́ oṣù kò jẹ́ kí ó ráyè fún gìtá tó bí ó ti fẹ́. Ó ṣe iṣẹ́ rédíò ní Ghana nígbà tí ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ó sì wọ àjọ UNESCO ní Paris ní ọdún 1961, níbi tí ó ti ń ṣe ìwádìí orin Áfíríkà. Ìwé rẹ̀ lórí orin ilẹ̀ wa jáde ní ọdún 1969. Àlàyé rẹ̀ ni pé olórin Áfíríkà kì í fi dandan wá ohùn tí yóò dùn létí. Ìgbésí ayé ojoojúmọ́ ni ó ń sọ di ohùn. Ẹni tí ó bá mọ dùndún kò ní bá a jiyàn. Ìtàn àròsọ rẹ̀ nípa ọmọ Agatha Moudio, tí ó dá lórí apẹja kan lẹ́bàá Douala, ti jáde ní ọdún 1967, ó sì gba ẹ̀bùn ńlá ti lítíréṣọ̀ Áfíríkà dúdú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1974 ó fi UNESCO sílẹ̀ láti gbájú mọ́ orin. Ó mú sanza, ìbátan àgídìgbo wa, ó sì mú fèrè àwọn ará igbó tí kò ní ju ohùn kan ṣoṣo lọ: afunfèrè ni yóò máa fi ọ̀fun ara rẹ̀ pèsè àwọn ohùn yòókù láàárín ìfun kan sí òmíràn. Mo rò pé olùkọ́ tí ó bá ń wá ọ̀nà láti fi ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ yé ọmọdé lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Faransé ni ó fi kọ àwọn ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀. Èyí ń dùn mí, ṣùgbọ́n a kò lè dá a lẹ́bi púpọ̀: ta ni ìbá tẹ̀ ẹ́ jáde ní Duala, ilé ẹ̀kọ́ wo ni ìbá sì kà á? Orin ni ó fi èdè ìyá rẹ̀ sí. Duala ni ó fi kọ Idiba, èyí tí ó túmọ̀ sí òwúrọ̀, láìbẹ̀bẹ̀ pé kí a gbọ́ òun yé. Nígbà tí ó bá fẹ́ pa àwọn ará Paris lẹ́rìn-ín, ó ń fi Faransé kọrin, bí ó ti ṣe ní ọdún 1976 nínú orin rẹ̀ nípa ipò ọkùnrin nínú ilé.

Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2001. Láti ọdún 2011 ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ Duala ti ń ra àwọn orin rẹ̀ tí a tún tẹ̀. Ní ọdún 2016, ọmọbìnrin rẹ̀, Kidi Bebey, gbé ìwé kan jáde lórí ìgbésí ayé rẹ̀. Faransé ni òun náà fi kọ ọ́.