Augusta Savage àti àwọn tí ó kọ́ ní iṣẹ́

Ní ọdún 1892 ni wọ́n bí Augusta Savage ní ìlú Green Cove Springs, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìran àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà ni.

Amọ̀ pupa wà ní ìlú náà. Augusta a máa fi í mọ pẹ́pẹ́yẹ àti ẹranko mìíràn. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó ka ère sí òrìṣà, ó sì ń na ọmọ náà. Síbẹ̀, Augusta kò jáwọ́.

Ní ọdún 1921, ó lọ sí New York, owó díẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Cooper Union, níbi tí wọn kì í gba owó nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni. Ọdún mẹ́ta ni ó fi parí rẹ̀.

Ní ọdún 1923, ó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí ń yan akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ ọ́, nítorí pé ènìyàn dúdú ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á. Nígbà tí ó yá, ó mọ ère orí ọmọkùnrin kan. Ère náà ni ó jẹ́ kí ó rí owó ìrànlọ́wọ́ gbà ní ọdún 1929, tí ó fi lọ sí Paris.

Nígbà tí ó padà dé, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Harlem, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní New York. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀, Jacob Lawrence. Augusta mú un lọ wá iṣẹ́ ayàwòrán lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n ní kò tíì dàgbà tó. Lẹ́yìn ọdún kan, ó tún mú un lọ, wọ́n sì gbà á.

Ní ọdún 1939, Augusta ṣí ilé ìpàtẹ kan fún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú. Kò pẹ́ tí ilé náà fi kógbá sílé, nítorí àìsí owó. Ní ọdún kan náà, ó mọ ère ńlá kan fún ìpàtẹ àgbáyé ní New York. Ó dà bí dùùrù, àwọn akọrin dúdú ni okùn rẹ̀. Ó ga tó mítà márùn-ún. Pílásítà ni, kò sì sí owó láti fi idẹ rọ ọ́. Nígbà tí ìpàtẹ parí ní ọdún 1940, wọ́n fọ́ ọ.

Augusta kú ní ọdún 1962. Púpọ̀ nínú àwọn ère rẹ̀ ti pòórá. Ṣùgbọ́n Jacob Lawrence di ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn àwòrán rẹ̀ sì wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Amẹ́ríkà. Ère lè fọ́. Ẹ̀kọ́ tí a bá fún ọmọlàkejì kì í fọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí Augusta lọ sí ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1923?
2. Ta ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí ò ń ṣe? Ta ni ìwọ náà ń kọ́?