Jacob Kẹ́hìndé Coker: Àgbẹ̀ tó mú Ọlọ́run wọ oko kòkó

Ẹni tó bá wọkọ̀ kọjá ní Oregún lónìí, tó ń wo ògiri iléeṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, kò ní í tètè gbà pé oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, láti Ìkejà títí dé Agége àti Ìfàkò, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kòkó àti obì gbàǹja ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Nínú àwọn tó ni oko wọ̀nyí, orúkọ kan wà tí ìtàn kò lè fò dá: Jacob Kẹ́hìndé Coker.

Ọdún 1866 ni wọ́n bí i. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, orúkọ rẹ̀ sì ti fi hàn pé ìbejì ni. Ó ṣòwò l'Ékòó kó tó gbájú mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìfàkò, lẹ́bàá Agége. Ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, níbi tó ti ń jọ́sìn, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú ọmọ ìjọ.

Ìjọ yìí ni ìjì ti bẹ̀rẹ̀. James Johnson, àlùfáà wọn tí wọ́n fẹ́ràn gidigidi, ni wọ́n fi jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1900, wọ́n sì ní kó máa lọ sí Niger Delta. Nígbà tó di ọdún 1901, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ní kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ilé àlùfáà. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ọmọ ìjọ lára. Lójú wọn, ìwọ̀sí ni wọ́n fi lọ aláwọ̀ dúdú nínú ilé Ọlọ́run. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Coker àti ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Síbẹ̀, wọn kò padà sẹ́yìn.

Ìjọ tuntun kò ní owó láti òkè òkun. Níbo ni owó yóò ti wá? Oko ló ti wá. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi owó kòkó kọ́ ilé ìsìn, wọ́n ń fi bọ́ àwọn oníwàásù. Ní ọdún 1907, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége, ìyẹn Agege Planters' Union, sílẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n ọkùnrin yìí ti hàn jù lọ nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá láti ìlú òkè láti ṣe lébìrà l'Ágége. Bí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, wọn kì í mú owó nìkan lọ: irúgbìn kòkó wà lọ́wọ́ wọn, ìgbàgbọ́ wà lọ́kàn wọn. Báyìí ni kòkó àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe jọ dé abúlé púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìjọ náà kò sì lé olóbìnrin púpọ̀ dànù, nítorí wọ́n gbà pé ènìyàn lè sin Ọlọ́run láti inú ilé tí ó bá ara rẹ̀.

Ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ fún un o. Ìyapa wọ inú African Church pàápàá. Nígbà tó di 1920 sí 1921, owó kòkó já lulẹ̀ lágbàáyé, ó sì kan àwọn àgbẹ̀ Agége gidigidi. Ọrọ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Coker kò torí ìyẹn fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀. Ọdún 1945 ló dágbére fáyé.

Ẹ̀kọ́ wo ló kù fún wa? Onígbàgbọ́ púpọ̀ ló máa ń gbé Ọlọ́run sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n á tún padà lọ bá A níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Coker kò pààlà sáàárín àdúrà àti àdá. Lónìí tí ẹ̀rọ ń dún níbi tí igi obì wà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Oregún àti ẹni tó ń tajà l'Ágége lè ṣe bíi tirẹ̀: kí òṣùwọ̀n wọn pé, kí owó alágbàṣe má há sí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì rántí Ẹlẹ́dàá láàárín iṣẹ́. Ìsìn tí kò dé ibi iṣẹ́, kò tíì dé ibì kankan.