Dókítà Harold Moody: Oníṣègùn Peckham tó gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́

 

Tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 36 láti Peckham lọ sí New Cross, ẹ ó gba Queen's Road kọjá. Ilé kan wà níbẹ̀, nọ́ḿbà 164, tó ní àmì róbótó aláwọ̀ búlúù lára ògiri. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gba iwájú ilé yẹn kọjá lọ síbi iṣẹ́, mi ò gbójú sókè wò ó rí. Akáùǹtáǹtì ni mí, nọ́ḿbà ni mo máa ń wò, n kì í wo ògiri. Ọjọ́ kan tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá bọ́ọ̀sì wa dúró sójú kan ni mo wá rí orúkọ tó wà níbẹ̀: Dókítà Harold Moody. Nígbà tí mo délé, tí mo ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni tó rí wúrà he, ọmọ mi obìnrin ní àwọn ti kọ́ nípa rẹ̀ ní ilé ìwé tipẹ́. Ojú tì mí díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn ọkùnrin yìí, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan gbogbo àwa tí à ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí a sì ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè bí ẹni pé ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wá.

Ìlú Kingston ní Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 1882. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, Harold náà sì bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1904 ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti wá kọ́ iṣẹ́ dókítà ní King's College. Ohun tó kọ́kọ́ bá pàdé kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn bàbá wa tó wá síbí lẹ́yìn ogun bá pàdé. Ó ń wá yàrá, wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó rí yàrá nígbẹ̀yìn, ó jókòó ti ìwé rẹ̀, ó gba ẹ̀bùn nínú ẹ̀kọ́, ó sì di dókítà ní 1910.

Ẹ wá gbọ́ o. Ó wá iṣẹ́ lọ sí King's College Hospital, ilé ìwòsàn tó bá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tan. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì kọ̀ jálẹ̀ pé dókítà aláwọ̀ dúdú kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó tún lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn aláìní ní Camberwell, tí wọ́n ń wá dókítà fún àwọn tálákà. Àwọn yẹn náà kọ̀. Wọ́n ní àwọn tálákà ò ní gbà kí ènìyàn dúdú fọwọ́ kan àwọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Mo mọ bí irú rẹ̀ ṣe máa ń dun ni. Nígbà tí mo gba digírì mi tán nílùú yìí, ilé iṣẹ́ kan bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa lórí fóònù, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n rí mi, iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì láàárín òru. Odidi ọdún kan ni mo fi bínú. Mo ń gbàdúrà o, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, àmọ́ inú ń bí mi. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Moody ṣe tẹ̀lé e fi yà mí lẹ́nu.

Kò padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni kò sá lọ sí àdúgbò mìíràn. Ó kọ́kọ́ ṣe alábòójútó ilé ìwòsàn àwọn ajíhìnrere kan ní Marylebone. Nígbà tó di 1913 ó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ ní King's Road, ní Peckham níbí. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Olive Tranter, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́fà. Ní 1922 ni wọ́n kó lọ sí ilé Queen's Road tí mo wí yẹn. Ẹ ò rí i pé àárín àwọn tí wọ́n sọ pé wọn ò ní gbà kí ó fọwọ́ kan àwọn gan-an ló lọ dúró sí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó ṣe ń rìn nígbà náà, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. NHS tí à ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ yìí kò tíì sí, oṣù keje 1948 ló bẹ̀rẹ̀. Òfin ìbánigbófò ti 1911 mú kí òṣìṣẹ́ tó ń san owó sínú àpò náà rí dókítà, ṣùgbọ́n kò kan ìyàwó rẹ̀, kò kan ọmọ rẹ̀. Tí ọmọ bá ń gbóná lára lóru, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ ka ṣílè tó wà lọ́wọ́ kó tó ránṣẹ́ pe dókítà. Moody máa ń tọ́jú ọmọ àwọn tálákà láìgba kọ́bọ̀. Mo máa ń ronú nípa bí ìwé owó rẹ̀ á ṣe rí. Tó bá jẹ́ èmi ni akáùǹtáǹtì rẹ̀, ǹ bá ti pè é jókòó. Ó ní ọmọ mẹ́fà, ó tún ní àwọn àbúrò tó tẹ̀ lé e wá sílùú yìí: Ludlow tó di dókítà, àti Ronald tó kọ́ṣẹ́ eyín kí ó tó di agbẹ́gilére olókìkí, tó ṣe ère ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 1946.

Ọ̀rọ̀ owó yìí kàn mí ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Láìpẹ́ yìí ni arákùnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi lọ́fíìsì ní Rye Lane, ó fẹ́ kí n kọ ìwé pé owó tó ń wọlé fún un ju bó ṣe jẹ́ lọ, kí báńkì lè yá a lówó ra ilé. Ó ń pè mí ní bùrọ̀dá, ó ní ṣebí ará ni wá nínú Olúwa. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó gbé fáìlì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, títí di òní kì í kí mi dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n má parọ́, owó oníbàárà yẹn dùn mí. N ò sì tíì ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kankan fún opó tàbí aláìní bíi ti Moody. Kí ènìyàn má jalè níbi iṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn.

Ẹni tó bá rò pé ọkùnrin yìí kò ráyè ṣọ́ọ̀ṣì, irọ́ ni. Ìjọ Congregational tó wà ní Camberwell Green ni tirẹ̀, ó sì máa ń gun orí àga ìwàásù. Ní 1921 wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ Colonial Missionary Society, ní 1931 ó di ààrẹ ẹgbẹ́ Christian Endeavour ti Lọ́ńdọ̀nù. Ènìyàn dúdú ni o, láàárín àwọn òyìnbó, ní àkókò yẹn!

Ọdún 1931 yìí kan náà, lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ló pe ìpàdé ní YMCA tó wà ní Tottenham Court Road, níbi tí wọ́n ti dá League of Coloured Peoples sílẹ̀. Òun ni ààrẹ rẹ̀ títí tó fi kú. Ọmọ Èkó wà lára àwọn tó bá a dá a sílẹ̀: Stella Thomas, tó di agbẹjọ́rò ní 1933, òun náà ló padà di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Una Marson, akéwì láti Jàmáíkà, ń gbé nílé Moody, ó sì ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Nílé yẹn, àwọn aláìsàn á máa wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ò rí yàrá gbà á máa wọlé, àwọn ọmọbìnrin tí ilé ìwòsàn kọ̀ láti gbà fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà á máa wọlé. Moody á kọ lẹ́tà, tàbí kó múra, kó lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ lójúkojú. Ẹgbẹ́ náà jà fún àwọn atukọ̀ dúdú ní Cardiff, àwọn tí òfin 1925 sọ di àlejò lórílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sìn. Ní 1940, nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ BBC kan fi orúkọ èébú pe ènìyàn dúdú lórí afẹ́fẹ́, Moody kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Ẹni ẹlẹ́ran ara ni ṣá o. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta tó wà nídìí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, WASU, láti 1925, bá a fa wàhálà gidigidi. Ìjọba ló fẹ́ ṣí ilé kan, Aggrey House, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú, ó sì ṣí i ní 1934. Moody fara mọ́ ọn. Solanke ní wọ́n kàn fẹ́ máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ni, ilé tí a bá fọwọ́ ara wa kọ́ ló dáa. Lójú tèmi, Solanke ló jàre. Moody gbà pé tí ènìyàn bá bá òyìnbó sọ̀rọ̀ bí Kristẹni sí Kristẹni, yóò gbọ́. Nígbà mìíràn wọ́n gbọ́, nígbà mìíràn wọ́n fi í ṣeré.

Ogun dé ní 1939. Charles Arundel, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Joe, fẹ́ di ọ̀gá ológun, wọ́n ní ọmọ òyìnbó pọ́ńbélé nìkan ni òfin gbà láyè. Bàbá rẹ̀ àti àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n sún òfin yìí tì fún ìgbà ogun, Joe sì di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Royal West Kent ní 1940. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá 1944, ọjọ́ Sátidé tí èrò kún inú Woolworths ní New Cross, bọ́ǹbù V-2 àwọn ará Jámánì já lulẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn 168 ló kú. Moody wà lára àwọn dókítà tó sáré débẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 62 nígbà náà, àárín ẹrùpẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ló sì ti ń ṣètọ́jú àwọn tó fara pa.

Lẹ́yìn ogun ó rìnrìn àjò lọ sí West Indies àti Amẹ́ríkà láti wá owó kọ́ ilé kan tí gbogbo ènìyàn dúdú á máa pàdé sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àárẹ̀ ló fi darí dé. Ó kú nínú ilé rẹ̀ ní Queen's Road lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin 1947, ní ọmọ ọdún 64. Wọn ò kọ́ ilé tó wá owó fún.

Nígbà ìsìnkú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Camberwell Green, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wá dágbére fún un, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ti tọ́jú sì wà lára wọn. Ará Camberwell àti Peckham, òyìnbó tálákà, àwọn tí ìgbìmọ̀ ọjọ́sí ní wọn ò ní jẹ́ kí ó fọwọ́ kan àwọn.