Bessie Coleman: Obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gba Faransé lọ kó tó lè wa bàálù

Ní Mont-Bouët, ọjà tó tóbi jùlọ ní Libreville, olú ìlú Gabon, àwọn obìnrin oníṣòwò láti Benin, Tógò àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń pàtẹ. Ẹni tó bá ń fi bàálù ṣòwò láàrin wọn mọ pápákọ̀ òfurufú Léon-Mba dunjú. Ó mọ iye kílò tí báàgì kan gbọdọ̀ wọ̀n, ó sì mọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá lé. Àmọ́ tí awakọ̀ bá ń kí èrò káàbọ̀ sínú bàálù, ohùn ọkùnrin ló sábà máa ń jẹ́.

Kì í ṣe Gabon nìkan. Kárí ayé, obìnrin kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún awakọ̀ bàálù. Ọdún 2019 ni IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, gbé ètò 25by2025 kalẹ̀ láti mú kí obìnrin pọ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìjà ọ̀hún ti pẹ́. Obìnrin kan ti bá a fà á ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, èdè Faransé tí wọ́n fi ń nájà ní Mont-Bouët lónìí sì wà lára ohun tó fi rọ́nà gbà. Bessie Coleman lorúkọ rẹ̀.

Ta ni Bessie Coleman?

Ọjọ́ 26, oṣù Kìíní, ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní Atlanta, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ má ṣì í mú fún Atlanta ńlá tó wà ní Georgia o. Ọmọ mẹ́tàlá ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Aláwọ̀ dúdú ni Susan, ìyá rẹ̀. George, bàbá rẹ̀, ní ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà lára. Nígbà tí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà Texas sú bàbá yìí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Oklahoma. Ìyá kò bá a lọ. Ìlú Waxahachie ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé òyìnbó kó lè bọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ náà sì ń já òwú lóko. Tí àsìkò òwú bá dé, wọ́n á ti iléèwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú pa títí òwú yóò fi tán lóko.

Bessie ń fọṣọ fún àwọn èèyàn, ó sì ń tọ́jú owó rẹ̀. Ní 1910, ó wọ iléèwé gíga kan ní Langston, ní Oklahoma, àmọ́ owó ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e ju sáà kan lọ. Ó padà sídìí aṣọ fífọ̀. Ní 1915, ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Chicago, ó sì ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, níbi tó ti ń tún èékánná àwọn oníbàárà ṣe.

Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ló bí gbogbo rẹ̀

John, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bá wọn ja Ogun Àgbáyé Kìíní ní Faransé. Ìgbà tó dé, ó máa ń fi àbúrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin Faransé ń wa bàálù, èyí tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Chicago kò lè dánwò láé. John kò purọ́ nípa Faransé. Láti oṣù Kẹta ọdún 1910 ni wọ́n ti fún Raymonde de Laroche láṣẹ ìwakọ̀ bàálù níbẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ lágbàáyé tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, Harriet Quimby ti gba tirẹ̀ ní 1911, àmọ́ aláwọ̀ funfun ni Quimby.

Bessie gbé yẹ̀yẹ́ náà tó gbangba. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Iléèwé tó bá lọ, wọn ò gbà á: obìnrin ni, aláwọ̀ dúdú tún ni. Robert Abbott, tó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ́ èdè Faransé kó sì máa lọ síbẹ̀. Bessie wọ kíláàsì èdè, ó kó owó tó ti ń tọ́jú jọ, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ràn án lọ́wọ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 1920 ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò sì tíì fọwọ́ kan bàálù rí.

Iléèwé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Caudron ní Le Crotoy, ìlú etíkun kan ní àríwá Faransé, ló gbà á. Bàálù ìgbà náà kì í ṣe bíi ti ìsinsìnyí. Igi àti aṣọ ló pọ̀ jù lára rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tòde kó tó gbéra. Ojú Bessie ni akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe já bọ́ tó sì kú. Kò sá. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 1921, àjọ Fédération Aéronautique Internationale fún un ní ìwé àṣẹ. Kò sí obìnrin aláwọ̀ dúdú kankan tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó gbà á ṣáájú rẹ̀.

Ìwé àṣẹ wà, iṣẹ́ kò sí

Àwọn oníròyìn lọ pàdé rẹ̀ nígbà tó gúnlẹ̀ sí New York ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Lẹ́yìn náà ló wá rí i pé ìwé àṣẹ kì í ṣe iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa gbà á láti máa gbé lẹ́tà tàbí èrò. Ohun tó kù fún un ni kó máa fi bàálù dárà lójú òfurufú fún àwọn tó bá sanwó wòran. Ìyẹn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kò sì rí ẹni kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1922, ó tún padà sí Yúróòpù, ó dé Faransé, Netherlands àti Jámánì.

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, 1922 ló kọ́kọ́ dárà fáwọn èrò ní Long Island, nítòsí New York. Okìkí rẹ̀ kàn. Àmọ́ ọmọ náà ní ohun tí kì í gbà. Iléeṣẹ́ sinimá kan fẹ́ kó kópa nínú fíìmù. Nígbà tó gbọ́ pé òun máa wọ àkísà jáde gẹ́gẹ́ bí ará oko tí kò mọ nǹkan kan, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní Waxahachie tó ti dàgbà, wọ́n fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú àti funfun gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé. Bessie ní àfi kí gbogbo wọn gba ẹnu ọ̀nà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò ní gbéra. Wọ́n gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Iléèwé ìwakọ̀ bàálù fún aláwọ̀ dúdú, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló ń kówó jọ fún. Ó ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní iléèwé, ní gbọ̀ngán sinimá. Ní 1923, ẹ́ńjìnnì bàálù rẹ̀ kú lójú òfurufú ní California, ó já bọ́, ẹsẹ̀ àti egungun ìhà rẹ̀ sì ṣẹ́. Ara rẹ̀ yá, ó tún padà. Ní Orlando, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìṣelóge kó lè rí owó kún tiléèwé náà.

Báwo ló ṣe kú?

Bàálù àlòkù àwọn ọmọ ogun tí ogun ti parí ni Bessie lówó láti rà. Jenny ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. William Wills, mẹkáníìkì rẹ̀, ló wà á láti Texas wá sí Jacksonville, ní Florida, ó sì ní láti balẹ̀ lójijì lójú ọ̀nà nítorí pé ẹ̀rọ ń dà á láàmú. Ní àárọ̀ ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, 1926, àwọn méjèèjì gbéra láti lọ wo pápá tí wọ́n ti máa ṣeré lọ́jọ́ kejì. Wills ló ń wà á. Bessie kò de bẹ́líìtì nítorí pé ó fẹ́ nà jáde wo ibi tí òun lè fi párásúùtì balẹ̀ sí. Bàálù náà dojú kọlẹ̀, ó yípo, ó sì gbọn Bessie dànù. Wills pẹ̀lú kú nígbà tó já lulẹ̀. Sípánà kan ni wọ́n rí tó há sáàrin àwọn ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bessie.

Jàm̀bá ni gbogbo èèyàn pè é, jàm̀bá náà sì ni. Àmọ́ lójú tèmi, èèyàn ò lè yọ ọ́ kúrò lára àìríṣẹ́ gbà. Ẹni tí iléeṣẹ́ bá gbà síṣẹ́ kì í fi owó ara rẹ̀ wá bàálù àlòkù kiri.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Chicago, Ida B. Wells sì wà lára àwọn tó darí ètò náà. Iléèwé tó ń lá àlá rẹ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1929, William Powell dá ẹgbẹ́ kan tó fi orúkọ Bessie pè sílẹ̀ ní Los Angeles láti máa kọ́ aláwọ̀ dúdú. Willa Brown, tó gba ìwé àṣẹ ní 1938, bá wọn dá iléèwé sílẹ̀ ní Chicago, àwọn kan lára akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì di awakọ̀ ológun Tuskegee. Ní Gánà, Melody Danquah dá nìkan wa bàálù ológun ní oṣù Kẹfà 1964.

Ibi ìgbanisíṣẹ́ ló pẹ́ jù. Ọdún 1978 ni Jill Brown di awakọ̀ ní Texas International Airlines, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ńlá ní Amẹ́ríkà gbà. Ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta tí Bessie ti kú nígbà náà.

Ọmọbìnrin tó bá dàgbà sí Mont-Bouët lónìí, tó sì fẹ́ máa darí ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀, lè forí lé iléèwé EAMAC ti àjọ ASECNA ní Niamey, nítorí pé Gabon jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, ìyẹn ò sì ní jẹ́ ìṣòro fún un. Tó bá jẹ́ pé bàálù gan-an ló fẹ́ wà, owó ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe kékeré, Air Gabon tí ì bá sì fojú sí láti gbà á síṣẹ́ ti kógbá wọlé láti 2006.

Itẹ́ òkú Lincoln, nítòsí Chicago, ni wọ́n sin Bessie Coleman sí. Láti 1931 ni àwọn awakọ̀ bàálù aláwọ̀ dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá lókè ibẹ̀, tí wọ́n sì ń ju òdòdó sórí sàréè rẹ̀.