Beatrix Potter: Obìnrin tí Ehoro Ra Ilẹ̀ fún

Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí òwe yìí bá ní ẹni tí ó bá mu rẹ́gí, obìnrin yìí ni. Orúkọ rẹ̀ ni Beatrix Potter, òǹkọ̀wé àwọn ọmọdé tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán inú ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí nínú wa lè ti rí ehoro rẹ̀, ehoro kékeré tí ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù, tí ó yọ́ wọ inú ọgbà ẹ̀fọ́ olóko kan lọ jalè.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 28 oṣù keje, ọdún 1866. Bàbá rẹ̀, Rupert Potter, kàwé lọ́yà, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé owó wà nílẹ̀. Ìdí òwò òwú ní Lancashire ni àwọn ẹbí bàbá àti ti ìyá rẹ̀ ti là. Ilé wọn tóbi, ìránṣẹ́ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí ó dákẹ́ jù fún ọmọdé ni. Wọn kò rán Beatrix lọ sí ilé ìwé. Olùkọ́ obìnrin ni ó ń wá kọ́ ọ nílé. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Bertram, tí wọ́n bí ní 1872, ni ó ń bá a ṣeré. Nígbà tí Bertram dàgbà tó, wọ́n rán òun lọ sí ilé ìwé nítorí pé ọkùnrin ni. Ó wá ku Beatrix àti àwọn ẹran rẹ̀.

Ẹran wo ni kò sìn tán? Ó sin ehoro, eku, àdán, ọ̀pọ̀lọ́, àti ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún lára kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hedgehog. Kì í ṣe pé ó kàn ń wò wọ́n, ó ń yà wọ́n. Bí ẹran kan bá kú, òun àti Bertram a máa sè é kí ẹran lè kúrò lára egungun, kí wọ́n lè rí egungun náà yà. Ìdí nìyẹn tí ehoro inú ìwé rẹ̀ fi ń jókòó bí ehoro gidi, bí ó tilẹ̀ wọ ẹ̀wù.

Láti ìgbà tí ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 títí ó fi pé 30 ni ó ń kọ ìwé ìrántí kan ní bòńkẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì tí òun nìkan ṣoṣo mọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè kà á títí ó fi kú. Ọdún 1958 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leslie Linder tó rí ojútùú rẹ̀. Ẹ wo irú ilé tí ọmọ ti ń fi èrò inú ara rẹ̀ pa mọ́ bí ẹni fi owó pa mọ́!

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ gba ọkàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn rárá. Olú ni, olú tí à ń hú nínú igbó. Ó yà wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n, ó sì ṣàwárí bí àwọn hóró wọn ṣe ń hù. Ó kọ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń jẹ́ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ọdún 1897, wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ni ó bá a gbé e lọ, torí pé wọn kì í gba obìnrin láàyè nínú ìpàdé wọn. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1997, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún gééré, ẹgbẹ́ náà tọrọ àforíjì. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ti kú láti ọdún 54 sẹ́yìn.

Ilẹ̀kùn kan tì, òmíràn ti ń ṣí láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, ọdún 1893, ó gbọ́ pé Noel, ọmọkùnrin Annie Moore tí ó ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ nílé, ń ṣàìsàn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Noel. Beatrix kọ lẹ́tà sí i láti Scotland, ó sì sọ ìtàn ehoro mẹ́rin fún un, ó ń ya àwòrán wọn bí ó ti ń kọ ọ́ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ehoro náà ni Peter. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó yá lẹ́tà náà padà lọ́wọ́ Noel, ó fi í ṣe ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wétà. Ó kéré tán, mẹ́fà nínú wọn ni wọ́n kọ̀ ọ́. Ìwé kékeré tí ọwọ́ ọmọdé lè ká, tí owó rẹ̀ kò sì ga, ni Beatrix fẹ́. Kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ó mú owó ara rẹ̀ jáde, ó sì tẹ 250 ní oṣù kejìlá, ọdún 1901. Kò pẹ́ tí ó tún fi tẹ 200 sí i. Ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ Frederick Warne tó gbà láti tẹ̀ ẹ́, bí ó bá lè kun àwọn àwòrán náà. Oṣù kẹwàá, ọdún 1902, ni ti Warne jáde, ó sì tà wàràwàrà.

A kò gbọ́dọ̀ fo ibì kan. Kí ìwé Peter tó jáde, Beatrix ti ya àwòrán mẹ́jọ fún ìtàn Uncle Remus láàárín 1893 sí 1896. Ará Amẹ́ríkà kan, Joel Chandler Harris, ni ó kọ ìwé náà. Ìtàn ta ni ó kọ? Ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ní Georgia ni, ti ehoro ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ kan. Ehoro náà lẹ̀ mọ́ ère tí wọ́n fi ọ̀dà mọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Ìjàpá àti ère tí olóko fi àtè kùn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. A kò sọ pé Yorùbá nìkan ni ó ni ín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Áfíríkà ni ó ń pa irú ìtàn yìí. Cotton-tail tí ó jẹ́ orúkọ arábìnrin Peter ti wà nínú ìwé Harris ṣáájú. Ní 2023, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ náà jáde pé Potter jẹ àwọn ẹrú wọ̀nyẹn ní gbèsè tí kò dárúkọ rí, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn. Ní tiwa, a fẹ́ràn ìwé obìnrin yìí, síbẹ̀ a ò ní gbàgbé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa ìtàn.

Norman Warne, àbíkẹ́yìn ilé Warne, ni ó ń bá Beatrix ṣe ètò àwọn ìwé rẹ̀. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Ní oṣù keje, ọdún 1905, Norman ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Beatrix sì gbà. Oṣù náà ni ó pé ọmọ ọdún 39. Ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ní àwọn kò lè fi ọmọ fún oníṣòwò, àwọn tí owó òwú ń bọ́! Beatrix ti òrùka bọ ọwọ́, ṣùgbọ́n oṣù kan kò tíì pé dáadáa tí Norman fi kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ. Ẹni ọdún 37 ni.

Kí ni ó ṣe? Ní ọdún kan náà, ó fi owó ìwé rẹ̀ àti ogún díẹ̀ ra oko kan tí ń jẹ́ Hill Top, ní abúlé Near Sawrey ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé náà, ọgbà rẹ̀ àti àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú àwòrán rẹ̀. Oko yìí ni pẹ́pẹ́yẹ Jemima ti 1908 ti jáde. Ó tún ra oko mìíràn ní 1909. Lọ́yà tí ó bá a ṣe ètò ilẹ̀ níbẹ̀, William Heelis, ni ó wá fẹ́ ẹ ní oṣù kẹwàá, ọdún 1913. Àwọn òbí tún kọ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Beatrix ti pé ẹni ọdún 47, ó sì ní ilẹ̀ tirẹ̀ tí ó dúró lé.

Láti ìgbà náà ni Beatrix Potter ti di Ìyáàfin Heelis, àgbẹ̀ olówò àgùntàn. Ìwé rẹ̀ ń dín kù, oko rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Irú àgùntàn kan wà ní àgbègbè náà tí ń jẹ́ Herdwick, tí ń fara da òtútù orí òkè. Ó sin wọ́n, ó ń kó wọn lọ sí ibi ìdíje, ó sì ń gba ẹ̀bùn. Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ ta oko fún àwọn tí yóò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kọ́lé, òun ni ó ń sáré rà á. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, ọdún 1943, ó fi ilẹ̀ tí ó lé ní 4,000 éékà sílẹ̀ fún National Trust, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ilẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn àgùntàn Herdwick ṣì ń jẹko níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, kí ni a rí mú níbẹ̀? Wọ́n kọ ìwádìí rẹ̀, wọ́n kọ ìwé rẹ̀, wọ́n kọ ọkọ rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà ní gbangba. Ó ń ya àwòrán lọ ni, títí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yà fi ra ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè lé e jáde nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà sí Òkè Ọya ni kò ní ìtàn Ìjàpá ju ìwọ̀nba tí ìyá wa rántí. Bí ẹ bá délé ní ìsinmi yìí, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó pa á fún yín. Ẹni tí ó bá lè ya àwòrán nínú yín, kí ó yà á.