Isaac Adaka Boro: Ọmọ Ijaw tó kéde ìyapa, tó tún kú sójú ogun fún Nàìjíríà

Ọdún 1938 ni wọ́n bí Isaac Adaka Boro ní Oloibiri, ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí epo rọ̀bì tó pọ̀ tó láti tà ní Nàìjíríà lọ́dún 1956. Ó ṣe ọlọ́pàá, kó tó wọ Yunifásítì Nsukka, níbi tó ti di ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó ń bí i nínú ni pé ilẹ̀ wọn ni epo ti ń jáde, síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ò rí nǹkan gidi mú bọ̀ níbẹ̀. Ni Boro bá kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n gbébọn, wọ́n sì kéde Niger Delta gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè olómìnira lọ́jọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 1966. Ọjọ́ 12 péré ló gbà kí apá ìjọba tó ká wọn. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un.

Àmọ́ wọn ò pa á. Ìjọba Gowon dárí jì í lọ́dún 1967, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀, èyí táwọn èèyàn agbègbè ọ̀hún ti ń bèèrè fún tipẹ́. Nígbà tí ogun Biafra bẹ́, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni Boro wà. Ó di Mejọ, ojú ogun ló sì kú sí lọ́dún 1968, kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Ìbọn ló ká Boro lọ́wọ́ kò. Ìdáríjì àti ìpínlẹ̀ tí wọ́n fún àwọn èèyàn ẹ̀ ló sọ ọ́ di ọmọ ogun Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ epo tó torí ẹ̀ gbébọn ni ò tíì tán nílẹ̀ títí dòní.