Theobald Smith, Ẹni Tó Rí Salmonella

Ní sáà tó kọjá, wọ́n gbé ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru fún wa ní lábù pé ká wá Salmonella nínú rẹ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹja ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ ka ìtàn Theobald Smith.

Albany ní New York ni wọ́n bí i sí ní 1859. Jámánì làwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó kàwé ní Cornell, ó gboyè dókítà ní 1883, ó sì gba iṣẹ́ ìjọba ní Washington lábẹ́ Daniel Salmon, oníṣègùn ẹran ọ̀sìn. Ó gbọ́ èdè Jámánì, nítorí náà ó ń ka iṣẹ́ Robert Koch, ó sì ń fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ bakitéríà.

Nígbà yẹn, àrùn tí wọ́n ń pè ní hog cholera ń run ẹlẹ́dẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà. Smith yẹ òkú ẹlẹ́dẹ̀ wò, ó sì rí bakitéríà kan ní 1885. Ọ̀gá rẹ̀ ló kéde rẹ̀ fáyé. Nígbà tó di 1900, Lignières ará Faransé sọ ọ́ ní Salmonella. Ti Smith wá dà? (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ rí, ọ̀rọ̀ yìí á yé yín.)

Ohun tó wú mi lórí jù ni ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀, tí apá kan rẹ̀ dí, tó máa ń lò. Á bu omi ẹran tó ní ṣúgà sí i, á gbin bakitéríà sínú rẹ̀, á máa wò ó bóyá gáàsì á ga sókè níbi tó dí. Bakitéríà tó sábà ń gbé inú ìfun ń sọ ṣúgà inú wàrà di gáàsì. Ti àrùn ẹlẹ́dẹ̀ ò fọwọ́ kàn án. Ìyàtọ̀ yẹn náà la ṣì ń wò lórí MacConkey agar: E. coli á pọ́n, Salmonella ò ní láwọ̀. Tèmi pọ́n fòò.

Ṣùgbọ́n Smith àti Salmon ṣì í níbì kan. Wọ́n gbà pé bakitéríà yìí ló ń fa hog cholera. Ní 1903, de Schweinitz àti Dorset, níbi iṣẹ́ kan náà, sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ aláìsàn bí ẹni sẹ́ ògì, nínú asẹ́ tí bakitéríà ò lè kọjá. Omi tó jáde ṣì ń kó àrùn ran ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ dá. Fáírọ́ọ̀sì ni. Salmonella lè pa ẹlẹ́dẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn fáírọ́ọ̀sì ló ń gbà wọlé lọ́tẹ̀ yẹn.

Smith kú ní 1934. Kó tó kú, ó ti fi hàn pé eégbọn ló ń gbé ibà Texas kiri láàárín màlúù, kò sì sẹ́ni tó já ìyẹn nírọ́.

Nínú ìròyìn mi, mo kọ ọ́ pé mo rí E. coli. Mi ò kọ ọ́ pé òun ló fa ìgbẹ́ gbuuru náà.